Lóbẹ́ẹ̀dì 1/25 tí a fọwọ́ gé: káàdì ATM, sílípáàsì, àti táyà méjìlá tó gbọ́dọ̀ kanlẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ní orí ọkọ̀ tírélà Mack kan, àwòṣe kékeré tí mo tò láti inú páálí AMT, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ àwòṣe. 1/25 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn ni pé mílímítà kan lára rẹ̀ dúró fún 25 lára ọkọ̀ gidi. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù láìní ohun tó máa fà. Mo fẹ́ kọ́ lóbẹ́ẹ̀dì fún un, irú èyí tó ń gbé katapílà lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó. Mi ò fẹ́ rà á ní títò, mo fẹ́ gé e fúnra mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde lórí ẹ̀rọ 3D. Òmíràn ní agolo mílíìkì ni kí n fi ṣe é. Ẹlòmíràn ní kí n má dara mi láàmú, pé ike tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan báyìí kò sí ní Nàìjíríà. Kí ni kí n lò? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

* * *

Ohun èlò ni gbogbo wọn ń bá ọ jà lé lórí, kò sẹ́ni tó bi ọ́ pé lóbẹ́ẹ̀dì wo.

Lóbẹ́ẹ̀dì pé oríṣi. Ọ̀kan wà tí ọrùn rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara gbọin, tí katapílà ń gba ẹ̀yìn gùn lórí àtẹ̀gùn irin méjì tí wọ́n máa ń ká sókè kí ọkọ̀ tó gbéra. Òmíràn wà tí ọrùn rẹ̀ ń tú: orí ọkọ̀ á fa ọrùn kúrò, iwájú tírélà á dùbúlẹ̀, katapílà á gba iwájú wọlé. (Àwọn òyìnbó fi ọrùn ẹyẹ tó dà bíi pẹ́pẹ́yẹ sọ ọrùn yìí lórúkọ. Tí o bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, o ò ní bá wọn jiyàn.) Èyí tó ń gba ẹ̀yìn ni mo máa ń rí jù lójú ọ̀nà wa, òun náà ló yẹ ẹni tó ń ṣe àkọ́ṣe, torí ọrùn tó ń tú ní ojú ìdè tí kò gba àṣìṣe mílímítà kan.

Lẹ́yìn náà, lọ wọ̀n ọ́n. Ògèrè ni èmi lọ, níbi tí àwọn tírélà ń sùn sí lójú ọ̀nà márosẹ̀, pẹ̀lú tépù àti ìwé. Awakọ̀ àkọ́kọ́ lé mi dànù, ó ní ta ló rán mi níṣẹ́. Èkejì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo fi fọ́tò èyí tí mo ti kọ́ hàn án lórí fóònù, mọ́tò-bọ́ọ̀yì rẹ̀ ló wá bá mi di etí tépù mú. Kí àwọn awakọ̀ dáadáa kí o tó yọ tépù, kí fọ́tò sì wà nítòsí.

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà rèé: gígùn, mítà 13. Ìbú, mítà 3. Irin gbòógì méjì tó gùn lábẹ́ rẹ̀, tí a bá gé e wò ó dà bíi lẹ́tà I, ga ní sẹ̀ǹtímítà 50. Ètè I náà (apá pẹlẹbẹ tó wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀) fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 15, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 2. Fún 1/25, o ò nílò ẹ̀rọ ìṣirò. Sọ gbogbo rẹ̀ di mílímítà, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, gé òdo méjì kúrò lẹ́yìn, ìyẹn ni pé kí o pín in sí ọgọ́rùn-ún. 13,000 di 520. 3,000 di 120. 500 di 20. 150 di 6. 20 di 0.8.

Ohun kan ṣoṣo tí o ò gbọ́dọ̀ wọ̀n ní Ògèrè ni gíga ọrùn. Orí Mack tìrẹ ni kí o ti wọ̀n ọ́n, láti ilẹ̀ dé ojú àwo tí kíńpíìnì (ọ̀pá kékeré abẹ́ ọrùn tó ń so tírélà mọ́ orí ọkọ̀) máa jókòó sí. Ọwọ́ oníkálukú ló ń pinnu bí ọkọ̀ páálí ṣe ń ga tó. Tí àwo bá fi mílímítà méjì ga ju ọrùn lọ, gbogbo tírélà rẹ á máa wòkè bí ajá tó gbọ́ òórùn ẹran.

* * *

Ẹnì kan ní 1/24 àti 1/25 kò yàtọ̀, kí o fi èyí tó bá rọrùn ṣe é. Lórí iná ẹ̀yìn tàbí àpótí irinṣẹ́, òótọ́ ni. Lórí mítà 13, ìyàtọ̀ náà ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ. Orí ọkọ̀ rẹ 1/25 ni, di 1/25 mú.

* * *

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé pé ká yéé kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ pàǹtírí, kí ó ra ike ilé iṣẹ́ Evergreen tó ti wà ní gígé, gọ́ọ̀mù olómi á yọ́ wọn pọ̀ ní wàrà-ǹ-ṣeṣà.

Ike náà dára, mi ò lè purọ́. Tí ẹ bá ní ẹni tó ń bọ̀ nílé, ẹ fi rán an. Ṣùgbọ́n irin I tí wọ́n ń gé sínú àpò yẹn kò ga tó mílímítà 20. Ẹni tó ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn lẹ́yìn ilé ṣì máa fi pẹlẹbẹ mẹ́ta kan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Kíkàn ni gbogbo wa máa kàn án, bóyá Lọ́ńdọ̀nù ni tàbí Mókọ́lá.

Èmi káàdì ATM ni mo fi ń ṣe ètè. Ìwọ̀n kan náà ni káàdì báńkì nípọn káàkiri ayé, mílímítà 0.76. Ní 1/25, ìyẹn jẹ́ mílímítà 19 lára tírélà gidi, 20 sì ni mo wọ̀n. Ta lojú rẹ̀ mú débi tó máa rí ìyẹn? Gé e ní òró, mílímítà 6 ní fífẹ̀, káàdì kan á fún ọ ní ọ̀já mẹ́jọ. Káàdì mẹ́rin á ká ètè òkè àti ti ìsàlẹ̀ fún irin méjèèjì, á tún ṣẹ́kù. Fi sáńpépà ha àwọ̀ ojú rẹ̀ kúrò, má sì jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ ètè òkè ṣe déédéé pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, kí ó má baà ṣẹ́ níbẹ̀. Káàdì tó ti kú ni mò ń sọ o. Ìyàwó mi ò tíì dákẹ́ lórí èyí tí mo gé lọ́dún tó kọjá.

Àárín I náà ńkọ́? Páìpù PVC tí àwọn plọ́ńbà ń lò. Là á ní òró, da omi gbígbóná lé e títí á fi rọ̀, tẹ̀ ẹ́ sáàárín táìsì méjì, gbé nǹkan wúwo lé e, kí ó tutù síbẹ̀. Ó nípọn ju ti tòótọ́ lọ, ṣùgbọ́n ètè ti bo etí rẹ̀. Má gbé e sórí iná rárá. PVC tó bá jó ń tú èéfín ásíìdì tó ń ta ọ̀nà ọ̀fun.

Káàdì àti páìpù, ọmọ ìyá ni wọ́n, PVC ni méjèèjì. Gọ́ọ̀mù páìpù tí plọ́ńbà fi ń so omi ló máa yọ́ wọn di ara kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni, ní orí abẹ́rẹ́. Mo ti gbìyànjú ìdà kejì: ojú àárín láti ara páálí CD, ètè láti ara káàdì, súpágúlù láàárín wọn. Páálí CD ń sán bíi dígí tí abẹ bá kàn án, mo fara dà á. Lọ́jọ́ tí ọmọ mi fọwọ́ gbá a bọ́ sílẹ̀, gbogbo ètè ìsàlẹ̀ ṣí gbuurugbu. Súpágúlù lágbára tí a bá ń fà á, kò mọ ohun tí à ń pè ní jìgìjìgì.

* * *

Ẹ̀yin alágolo, mo gbọ́ yín. Ta ni kò ṣe é rí nínú wa? Agolo sàdíìnì fún ara, ìderí kóòkì tàbí sílípáàsì fún táyà, okùn ní imú, a ó sì máa wọ́ ọ lọ ra àkàrà láàárọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá ní tírélà lẹ́yìn lọ̀gá àdúgbò. Mo rántí ọmọkùnrin kan tó fi agolo mílíìkì mẹ́fà ṣe tírélà epo. A ò jẹ́ kó rí oorun sùn, gbogbo wa fẹ́ fà á.

Agolo ní àyè tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Irin rẹ̀ tó bíi mílímítà 0.2, ìyẹn bíi mílímítà 5 lára tírélà gidi. Ìbòrí táyà, àpótí irinṣẹ́, irin tó ń dáàbò bo iná ẹ̀yìn, kò sí ike tó máa fún ọ ní etí tín-ín-rín bẹ́ẹ̀. Òjé sì ń dì mọ́ ọn dáadáa. Àmọ́ má fi ṣe irin gbòógì. Bí iná òjé bá ti ń kàn án láti òkèèrè dé òkèèrè, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ bí ewé tó gbẹ, kò sì sí ohun tó máa tọ́ irin onísẹ̀ǹtímítà 52 tó ti lọ́.

Ẹ̀rọ 3D náà rí bẹ́ẹ̀, ó wúlò níbi tó ti wúlò. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà nílé àwọn èèyàn, ojú rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 22 lọ. Ọ̀nà mẹ́ta lo máa gé irin náà sí kó tó gbà á, ìwọ náà ló máa so ó pọ̀ padà. Ike PLA tí ẹ̀rọ náà ń lò sì ń rọ̀ ní nǹkan bíi ìwọ̀n 60 lórí Celsius, inú ọkọ̀ tí a páàkì sínú oòrùn ọ̀sán kò jìnnà síyẹn. Tẹ ríìmù lórí rẹ̀. Méjìlá tó bára dọ́gba, ìyẹn ni iṣẹ́ ẹ̀rọ.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sí irin gbòógì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lóbẹ́ẹ̀dì àfọwọ́kọ́ ti ń kú.

Ní Ògèrè, mo ní kí mọ́tò-bọ́ọ̀yì bá mi na okùn láti ìdí ọrùn dé ẹ̀yìn tírélà tí kò rù nǹkan kan. Àárín irin náà wú kọjá okùn ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Àwọn tó kọ́ ọ ló mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ bí ọrun ọdẹ, kí ó lè jẹ́ pé tí ẹrù bá gùn ún ló máa tó tẹ́jú. Ní 1/25, mílímítà méjì péré ni. Ẹnì kan ti kọ̀wé lókè níbẹ̀ pé mílímítà méjì kò tó nǹkan, kí a ṣe é tààrà, ojú kò ní í mọ̀.

Ojú á mọ̀. Òun nìkan ni kò ní í lè sọ ohun tó rí. Mo gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, èyí tó tọ́ tààrà àti èyí tó tẹ̀, mo ní kí bàbá mi wò ó. Ogún ọdún ni wọ́n fi wa táńkà. Wọ́n nàka sí èyí tó tọ́ tààrà, wọ́n ní, "Èyí ti rẹ̀." Wọn ò mọ nǹkan kan nípa àwòṣe. Ohun tí kò rù ẹrù tó wá tọ́ gbọnrangandan, ńṣe ló máa ń dà bíi pé àárín rẹ̀ ti wọlẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Lẹ pẹlẹbẹ àárín méjèèjì pọ̀ mọ́ra pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, fa ìlà tó tẹ̀ sára ọ̀kan, gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, fi sáńpépà ṣe wọ́n pọ̀, kí o tó yà wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á fi jẹ́ ìbejì. Tí o bá lẹ ètè mọ́ etí tó tẹ̀, ètè náà ló máa di ìtẹ̀ yẹn mú títí ayé.

Orí táìsì ilẹ̀ onísẹ̀ǹtímítà 60 ni kí o ti tò ó. Tírélà rẹ á dùbúlẹ̀ lé e tán. Kí o tó san owó táìsì, gbé etí rúlà irin lé e láti igun dé igun, àwọn kan máa ń tẹ̀.

* * *

Táyà. Ẹni tó bá rí táyà rà ní ìwọ̀n tó yẹ, kó rà á kó dúpẹ́. Lóbẹ́ẹ̀dì kì í wọ irú táyà tí orí ọkọ̀ ń wọ̀ bí ó bá fẹ́ kí ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Èyí tí mo wọ̀n ní 215/75R17.5 lára: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 215, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ íǹṣì 17.5. Ìṣirò rẹ̀: ríìmù 17.5 jẹ́ mílímítà 444.5, ẹ̀gbẹ́ táyà lókè àti nísàlẹ̀ fi 322.5 kún un, gbogbo rẹ̀ 767. Ní 1/25, ó di bíi mílímítà 31 ní gíga, 8.6 ní fífẹ̀. Ásùlù mẹ́ta, táyà mẹ́rin mẹ́rin, méjìlá.

Ibi tí ọgbọ́n ọkọ̀ agolo ìgbà èwe ti padà wúlò rèé. Wá sílípáàsì dúdú tó gbó. Wá ègé páìpù irin tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 36, fi fáìlì pọ́n ẹnu rẹ̀ títí á fi mú, gbé sílípáàsì lé orí pákó, fi òòlù gbá páìpù mọ́ ọn. Á gé e roboto. Gún ihò sáàárín, fi bóòtù gbé e sẹ́nu dìrílì, jẹ́ kí ó máa yí, fi sáńpépà rọra jẹ ẹ́ dé 31. Lo ìbòjú, ekuru rẹ̀ kò ṣe é mí símú. Fífẹ̀ rẹ̀ á ju 9 lọ, fi abẹ tuntun bẹ́ ẹ sí méjì. Mo gé mọ́kàndínlógún kí n tó rí méjìlá tó dọ́gba. Àwọn tó kù wà nínú ike bọ́tà títí di òní, mi ò lè dà á nù.

Ẹnì kan bínú pé sílípáàsì kò ní ìlà ojú táyà. Fáìlì onígun mẹ́ta, kí dìrílì máa yí, ìlà mẹ́rin, ìṣẹ́jú kan. Ojú táyà tírélà kò kúkú rí gbágungbàgun bíi ti orí ọkọ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá:

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti kan irin méjèèjì, ó tẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Mo ti lẹ ásùlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé táyà ásùlù àárín lápá ọ̀tún kò kan táìsì. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, òmíràn á gbéra lápá òsì. Ṣé kí n fi sáńpépà ha àwọn tó ga ni?

* * *

Má ha táyà kankan, àbúrò. Tí o bá ń ha èyí tó ga, títí o fi máa dúró, táyà orí kẹ̀kẹ́ ọmọdé lo máa bá.

Tírélà gidi ní irin kan láàárín sípíríǹgì ásùlù kan sí èkejì, tó ń ṣe bíi jáńgìlófà: bí táyà kan bá gun òkúta, á ti èkejì sílẹ̀. Tìrẹ kò ní in, o ti lẹ gbogbo rẹ̀ pa. Àwọn kan níbí fẹ́ràn kí gbogbo rẹ̀ máa ṣiṣẹ́, sípíríǹgì tó ń rọ̀, jáńgìlófà tó ń mì. Ó dára lójú, mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, oṣù méjì gbáko, kò sì sí ẹni tó dojú tírélà mi bolẹ̀ wò ó rí àfi èmi.

Tú ásùlù àárín. Fẹ ihò rẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀ ní ìlàjì mílímítà, kí ọ̀pá ibẹ̀ lè máa mì. Gbé tírélà sórí táìsì, so kíńpíìnì mọ́ Mack, gbé ìwé tó wúwo lé ẹ̀yìn rẹ̀, rí i pé méjèèjìlá kanlẹ̀, kí o tó kán gọ́ọ̀mù sí i. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ìgbẹ̀yìn pátápátá ni ásùlù yẹ kó wọlé, èmi ni mi ò tètè sọ fún ọ.

Fún ewé sípíríǹgì, káàdì ATM ti nípọn jù. Ewé kan lára tírélà jẹ́ bíi mílímítà 13, ìyẹn ìlàjì mílímítà lọ́dọ̀ wa. Páálí ìkésíni ìgbéyàwó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Fi súpágúlù mu ún yó, á le bí ike.

* * *

Pákó orí rẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa mẹ́ta láti àárọ̀. Ọ̀kan ní kí a lo ike tí a ha ojú rẹ̀, torí pé ìlà ara igi gidi ti tóbi jù fún 1/25. Òmíràn ní igi ni igi ń jẹ́.

Igi wo ni ẹ ń sọ? Ìrókò, mo gbà, ihò ara rẹ̀ tóbi, á dà bíi pé kòkòrò ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ẹ bẹ ègé igi tí ìlà ara rẹ̀ wẹ́, tó sì mọ́. Pákó gidi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní fífẹ̀ àti 5 ní nínípọn, tiwa jẹ́ mílímítà 8 àti 2. Ẹ má jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ kan náà. Lóbẹ́ẹ̀dì tó ti ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún, pákó mẹ́ta ti kú níbẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀ sí oríṣi igi mìíràn, ibi tí ẹsẹ̀ katapílà ń gbà sì ti já wúruwùru. Fi ṣéènì ẹ̀yìn kọ́kọ́rọ́ ha ibẹ̀, ó dára ju abẹ lọ.

Ní ti ṣéènì, èyí tí wọ́n fi ń de ẹrù: ẹ lọ sí ìsọ̀ àwọn tó ń ta ṣéènì ọrùn olówó pọ́ọ́kú. Ẹ má ra èyí tí wọ́n lọ́ tó fi sùn pẹlẹbẹ. Èyí tí oruka rẹ̀ ń wọnú ara wọn ní ìdábùú àti òró ni, oruka tó fẹ̀ ní mílímítà kan àbọ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú kùn ún, góòlù kì í de katapílà.

* * *

Ẹni tó béèrè:

Táyà méjèèjìlá ti kanlẹ̀! Mo ní katapílà kan, 1/24 ni, irin ni, gírámù 600. Ṣé kò ní í fọ́ ọ? Ṣé wọn ò ní í mọ̀ pé ìwọ̀n wọn kò dọ́gba?

* * *

Gbé e lé e. Katapílà tọ́ọ̀nù 30, tí a bá dín in kù sí 1/25 ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga, ìwọ̀n rẹ̀ á pín sí 15,625. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Gírámù 600 rẹ dà bíi kí ọmọdé gun ẹ̀yìn ẹṣin. Ní ti 1/24, katapílà kéékèèké àti ńlá ló wà láyé, ta ló máa gbé rúlà wá sílé rẹ?

Ọ̀dà: ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta. Má fín in lọ́jọ́ tí òjò bá ń pa ilẹ̀ mọ́ra, ojú rẹ̀ á funfun bíi pé a da eérú lé e. Káàdì tí o kò bá ha dáadáa, ọ̀dà á bó lára rẹ̀ bí àwọ̀ ejò, nítorí náà padà lọ wo ètè ìsàlẹ̀ lápá òsì, mo ń rí àmì báńkì rẹ nínú fọ́tò yẹn.

Kíńpíìnì rẹ náà gùn jù. Gé mílímítà kan kúrò kí o tó kùn ún.